Bí A Ṣe Ń Darí Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Láìsan Owó Oṣù fún Ẹnikẹ́ni

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Society for Technical Communication, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí STC, kéde pé òun ti kógbá sílé. Gbèsè ti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn ju ohun tí apá rẹ̀ ká lọ, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wọn ti là á kalẹ̀ fún ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìbéèrè mẹ́ta ka iwájú gbogbo ẹ̀ka tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá: ta ni ó ni orúkọ tí a ń jẹ́, ta ni ó ni owó tí ó wà ní báńkì, níbo sì ni àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà? Ẹ̀ka tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lórí ìwé lè ṣe ìpàdé rẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e bí ó ti máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú orí alága nìkan yóò dúró de ìgbà tí alága bá ráyè.

Ìtàn STC fúnra rẹ̀ fi hàn pé ẹgbẹ́ ìlú ló ṣáájú olú ẹgbẹ́. Ní ọdún 1953, àwọn òǹkọ̀wé ní Boston dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, àwọn ti New York náà sì dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ọdún 1957 ni àwọn méjèèjì tó para pọ̀, ó sì di ọdún 1971 kí orúkọ STC tó dé. Ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ dé Kánádà àti Íńdíà, ó ní ìwé àtìgbàdégbà, ó ní àpérò ọdọọdún àti ètò ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń bá pàdé lójúkojú ni ìpàdé ìlú wọn, èyí tí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń ṣe ètò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ìpàdé ìlú yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, yálà Èkó ni ẹ wà, tàbí Ìbàdàn, tàbí London, tàbí Houston.

Èrò mi lórí rẹ̀ lè má dùn mọ́ àwa tí a wà nínú iṣẹ́ náà nínú. Òǹkọ̀wé ìmọ̀ ẹ̀rọ ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tí yóò lo ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà, ó sì ń kọ ọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè ṣe iṣẹ́ náà láìpè é lórí fóònù. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi alága ẹ̀ka pé níbo ni ìwé ìlànà ẹgbẹ́ tiyín wà, ìdáhùn tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé kí ẹ pe òun nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń kú, kí àìlówó tó dé rárá. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe lè kó iṣẹ́ ẹ̀ka kúrò lórí ènìyàn kan, kí a sì kó o sórí ìwé.

Kí ẹ tó yan alága

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni ìdìbò, lẹ́yìn náà àmì ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ná. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú kan náà ti tó láti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá lè fẹnu kò lórí ọjọ́ kan tí kò ní yẹ̀, bí Ọjọ́rú kejì nínú oṣù, kí wọ́n sì pàdé ní ọjọ́ náà fún oṣù mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta, ẹ ó ti mọ ẹni tí ó máa ń tètè dé, ẹni tí ó máa ń ránṣẹ́ béèrè àwọn tí kò wá, àti ẹni tí ó ń fi ẹnu lásán ṣe ẹgbẹ́. Nígbà náà ni ìdìbò tó ní ìtumọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé abẹ́ ta ni ẹ ó wà yóò dìde láìpẹ́. Write the Docs, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ ìwé ìlànà sọ́fítíwíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpérò kan ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ọdún 2013, kì í gba owó ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan lè ṣe ìpàdé lábẹ́ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá gbà láti tẹ̀lé òfin ìwà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Institute of Scientific and Technical Communicators ti wà láti ọdún 1972, ọmọ ẹgbẹ́ ń sanwó níbẹ̀. Ní Jámánì, tekom, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀, náà ní àwọn ẹgbẹ́ agbègbè. Ẹ sì lè dá dúró láìwà lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Fún ẹ̀ka tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà òkèèrè, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá fẹ́ máa gba ọwọ́ yín kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ sún síwájú ni ojú ìwé kan tí ó sọ ohun tí ẹ̀ka wà fún, ẹni tí ó lè di ọmọ ẹgbẹ́, iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó lè múlẹ̀, àti bí a ṣe ń yan olórí tí a sì ń yọ ọ́.

Iṣẹ́ tí ó ní òpin

Alága, igbákejì rẹ̀, akọ̀wé àti akápò ti tó fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Àwọn yòókù tí ẹ bá nílò, ẹ má fi oyè sí i. Ẹ gé iṣẹ́ náà kéékèèké, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò ṣe gígé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú àwùjọ WhatsApp tí ènìyàn 80 wà nínú rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìkéde?”, kò sí ẹni tí yóò dáhùn, nítorí pé olúkúlùkù gbà pé ẹlòmíràn ti dáhùn, ẹni tí ó sì fẹ́ dáhùn gan-an kò mọ̀ bóyá ìkéde kan ni tàbí ìkéde títí ayé. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ti pọ̀ tó bí ẹ bá fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀:

“Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa kọ ìkéde ìpàdé oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kẹwàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, mo sì ti fi ti oṣù tí ó kọjá mọ́ ọn kí ẹ lè rí bí a ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù ni a nílò rẹ̀. Bí ti oṣù kẹwàá bá ti jáde, iṣẹ́ yín ti parí nìyẹn, a ó gbé e fún ẹlòmíràn.”

Ẹni tí ó gba iṣẹ́ yìí mọ bí ó ti pọ̀ tó, ó rí àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí òun yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé alága tí ó kọ ọ́ lè kéré sí ẹni tí ó ń rán níṣẹ́ ní ogún ọdún. Láàárín wa, ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà nítorí pé wọ́n dìbò fún un, ṣùgbọ́n ó lè bẹ àgbà kí ó sì fi ọjọ́ sí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀, ọjọ́ náà kò sì yẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n olórí tí ń darí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn kò ní kọ́kọ́ rán wọn níṣẹ́ ẹrú. Pípe ènìyàn ní aago mẹ́wàá alẹ́ fún ohun tí a nílò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ẹrú ni.

Bí ẹnì kan bá gba iṣẹ́ tí kò sì ṣe é, ẹ dúró di ọjọ́ tí ẹ jọ fi sí i, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere, kí ẹ má sì mẹ́nu kàn án ní ìpàdé. Ọ̀pọ̀ wọn yóò padà wá nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, bí a kò bá ti dójú tì wọ́n. Ní ti àwọn tí ó ṣe é, ọpẹ́ gbogbogbòò kò wúlò fún wọn tó ìwé kan tí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe ní pàtó: pé lágbájá ni ó ṣe àtúnṣe ìwé ìlànà olójú ewé 40 fún ẹgbẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, àti pé òun ni ó kó àwọn ẹni mẹ́ta tí ó bá a ṣe é jọ. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ han agbanisíṣẹ́. Kíkọ ọ́ gba ìdajì wákàtí, kò sì sí ohun mìíràn tí ẹ̀ka tálákà lè fún ènìyàn tí ó níye lórí tó o.

Ìwé ìlànà ẹ̀ka

Ìwé yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti jókòó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí pé ohun tí yóò jáde ni àlá ẹgbẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣe é, bí ó ti wù kí ó rí wúruwùru, kí ẹni tí yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kejì sì fi ìwé náà ṣe é, kí ó máa tún un ṣe bí ó ti ń lọ. Èyí ni ojú ìwé ẹni tí ó ń bojú tó gbọ̀ngàn ìpàdé lè dà bí:

“Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: pe olùtọ́jú gbọ̀ngàn, kí o sì gba ìdáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp, kì í ṣe lẹ́nu, pé àyè wa ṣì wà. Béèrè bóyá iná yóò wà. Bí wọ́n bá ní jẹnẹrétọ̀, béèrè ẹni tí ó ń ra epo. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú: gba iye àwọn tí ń bọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, kí o sì pe ẹni tí ó ń ṣe ìpápánu. Wákàtí kan ṣáájú: so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, kí o sì lọ jókòó sí ìjókòó tí ó kẹ́yìn láti wò bóyá lẹ́tà tí ó kéré jù ṣeé kà. Wáyà tí ó bá ẹ̀rọ náà mu wà nínú àpò dúdú lọ́wọ́ akọ̀wé. Ti inú gbọ̀ngàn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìpàdé: gba rìsíìtì kí o tó kúrò níbẹ̀.”

Ìlà tí ó sọ nípa wáyà yẹn ni ó sọ ojú ìwé náà di ìwé ìlànà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ pe olùtọ́jú gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó ti débẹ̀ rí nìkan ni ó mọ̀ pé wáyà wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá ń ka ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ tí ẹ kò sì rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó yà á lẹ́nu ní ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó gba ojú ìwé kan wọlé, ẹ dán an wò bí ẹ ti ń dán iṣẹ́ yín wò ní ọ́fíìsì. Ẹ fi í fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí, kí ẹni tí ó kọ ọ́ wà nítòsí kí ó sì pa ẹnu mọ́. Gbogbo ibi tí ẹni náà bá ti béèrè ọ̀rọ̀, ohun kan kù níbẹ̀. Ní ti ibi tí àwọn ìwé yìí yóò wà, Google Drive tàbí ohun mìíràn tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣí lórí fóònù dára ju Git lọ, ohun èlò tí àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà fi ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe iṣẹ́ wọn, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wu àwọn kan nínú wa láti fi Markdown, ọ̀nà ìkọ̀wé alámì tí wọ́n sábà ń lò níbẹ̀, kọ orúkọ ẹni tí ó ra omi. Àkáǹtì tí ó ni fódà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ímeèlì ẹ̀ka, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ìpàdé oṣooṣù

Ọmọ ẹgbẹ́ kì í wá nítorí òfin ẹgbẹ́. Ó ń wá nítorí iṣẹ́, nítorí ìmọ̀, àti nítorí pé òun nìkan ni òǹkọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń ṣe. Ìpàdé tí ó ń ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ jù lọ ni èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti gbé ojú ìwé kan tí òun kọ wá, tí ẹlòmíràn tí kò rí i rí sì tẹ̀lé e níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ojú ìwé náà kọ́ni bí a ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ API, ìyẹn kóòdù àṣírí tí sọ́fítíwíà kan fi ń wọlé bá òmíràn. Ẹni tí ó ń dán an wò yóò máa kà á sókè, yóò sì máa ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń wò lára ògiri. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ìwé ní kí ó tẹ “Settings”, ṣùgbọ́n “Settings” méjì ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lábẹ́ orúkọ rẹ̀, èkejì lábẹ́ iṣẹ́ tí ó ṣí. Ó tẹ ti àkọ́kọ́. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́, kò rí i. Òǹkọ̀wé náà ń jókòó lórí ẹ̀gún, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀ yóò kọ́ ohun kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan kò lè kọ́ wọn. Òfin kan ṣoṣo ni irú ìpàdé yìí ní: ojú ìwé tí aráyé ti lè rí nìkan ni a ń gbé wá. Iṣẹ́ tí kò tíì jáde, tí ẹni náà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun kò ní tú àṣírí rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ sí ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá fẹ́ pe olùbánisọ̀rọ̀, ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ sì fi ìbéèrè tóóró pè é. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí ìkọ̀wé ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ka ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ní kí ó sọ bí wọ́n ṣe kó ìwé 300 kúrò nínú Word lọ sínú Git, àti ohun tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, yóò sọ ohun tí òun nìkan mọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún un, kí ẹ sì fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Ní ti ọjọ́, Sátidé kì í ṣe ọjọ́ òfìfo ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè ni ó ni ín, ẹgbẹ́ yín kò sì lè bá wọn du ọmọ ẹgbẹ́. Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ní Èkó, ẹ ó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ jà. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ṣe ìpàdé kan lórí Zoom ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ti oṣù kejì sì jẹ́ ojúkojú ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ó parí kí ó tó di aago méjìlá. Ẹ gba ohùn ìpàdé orí Zoom sílẹ̀ láìfi àwòrán sí i, kí ẹni tí dátà rẹ̀ kéré lè gbọ́ ọ, kí akọ̀wé sì fi àkọsílẹ̀ ojú ìwé kan ránṣẹ́ kí ọjọ́ méjì tó pé.

Owó

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì ní àkáǹtì ní báńkì, ẹ má gba owó olùrànlọ́wọ́ sọ́wọ́ rárá. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lè san owó gbọ̀ngàn fún onígbọ̀ngàn, kí ó san ti oúnjẹ fún olóúnjẹ, kí rìsíìtì méjèèjì sì wá sọ́dọ̀ yín. Ohun tí ó ń bá ẹgbẹ́ jẹ́ ní kíákíá ni owó ẹgbẹ́ nínú àkáǹtì ẹnì kan, kódà bí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́, nítorí pé lọ́jọ́ tí fóònù rẹ̀ bá sọnù, kò sí bí yóò ṣe ṣàlàyé tí ẹnu kò ní kùn ún.

Bí ó bá tó àkókò láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, abẹ́ apá F nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ni ẹgbẹ́ bíi tiyín ń bọ́ sí, lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ìkéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, nítorí pé òfin fún aráàlú ní ọjọ́ 28 láti tako orúkọ tí ẹ fẹ́ jẹ́. Báńkì yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ yín, wọ́n sì sábà máa ń béèrè ti SCUML, ẹ̀ka ìjọba tí ń gbógun ti fífi owó àìtọ́ pamọ́, mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ìròyìn ọdọọdún wà láti fi ránṣẹ́ sí CAC, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé ìlànà akápò. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kékeré tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kì í sábà ju $50,000 lọ ń fi Form 990-N, ìròyìn ọdọọdún kúkúrú fún àjọ owó orí, ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi í ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léraléra, ìdásílẹ̀ tí ó ní lọ́wọ́ owó orí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọdún mẹ́ta lè bá akápò mẹ́ta mu ní ẹ̀ka tí ń dìbò lọ́dọọdún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbà pé ẹni tí ó ṣáájú òun ti fi í ránṣẹ́.

Ìwé owó kò ní láti gún régé jù. Ìlà kan fún owó kan: “12/9, dátà fún ìpàdé Zoom, ₦3,500, akọ̀wé ló san án, a dá a padà 14/9, rìsíìtì 7.” Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé òun kò ní sọ pé inú ń bí òun, kò kàn ní yọ̀ǹda ara rẹ̀ mọ́ ni. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí yíyọ owó, kí akápò sì ka iye tí ó kù sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ òfo.

Olùrànlọ́wọ́ kan lè sọ pé owó wà ńlẹ̀ bí ẹ bá fún òun ní nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ̀ ọ́. Òfin Nàìjíríà lórí ààbò dátà, ti ọdún 2023, kò fi àyè gba kí a kó ìsọfúnni ẹlòmíràn fún ẹnikẹ́ni láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ tàbí ìdí mìíràn tí òfin náà là kalẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá sì gba ìpè olùpolówó nítorí yín kò ní tún kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ lè fún olùrànlọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí ẹni tí ó bá wù lọ bá a fúnra rẹ̀.

Ìwà àti WhatsApp

Ẹ ní àwùjọ méjì: ọ̀kan fún ìkéde, tí àwọn aláṣẹ nìkan lè kọ nǹkan sí, èkejì fún ọ̀rọ̀ gbogbogbòò. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má kí ara wa ní kú àárọ̀, ṣùgbọ́n kú àárọ̀ ènìyàn 80 lójoojúmọ́ yóò bo ọjọ́ ìpàdé mọ́lẹ̀. Ní ti òfin ìwà, ẹ má kàn daakọ ti ẹlòmíràn kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu lè lọ bá, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ, nítorí pé ẹjọ́ lè jẹ́ ti alága fúnra rẹ̀.

Fífi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ọdún kan ni kí alága lò, tàbí méjì bí wọ́n bá tún un yàn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí igbákejì mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án pé òun ni yóò gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì ti darí ó kéré tán ìpàdé méjì kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ̀ka tí ó bá ní alága kan fún ọdún mẹ́jọ máa ń yangàn pé alága àwọn jẹ́ akínkanjú, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí ó mọ nọ́ńbà onígbọ̀ngàn.

Oṣù tí alága àtijọ́ àti tuntun bá jọ lò papọ̀ ni kí ẹ fi ka àwọn ohun ìní lọ́kọ̀ọ̀kan. Ímeèlì ẹ̀ka máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: páásíwọ́ọ̀dù yóò yí padà, ṣùgbọ́n kóòdù ìdánilójú ṣì ń lọ sórí fóònù alága àtijọ́, tí ó lè ti kó lọ sí Kánádà. Ẹ yí nọ́ńbà yẹn padà níṣojú àwọn méjèèjì. Ẹ wo orúkọ ẹni tí ẹ fi ra àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ tún san owó rẹ̀. Ẹ lọ sí báńkì láti yọ àwọn tí ń fọwọ́ síwèé tẹ́lẹ̀ kí ẹ sì fi tuntun sí i, kí ẹ má sì dúró de ìgbà tí ẹ bá nílò owó, nítorí pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, kí alága àtijọ́ kọ ìlérí tí òun ti ṣe tí kò tíì mú ṣẹ sílẹ̀: ẹni tí ó ti pè láti wá sọ̀rọ̀ ní oṣù kọkànlá, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń retí ìwé ẹ̀rí, olùrànlọ́wọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí.

Bí ọdún méjì bá kọjá léraléra tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ gba oyè alága, ẹ jẹ́ kí òfin ẹ̀ka ti sọ ohun tí ó kàn. Ẹ san gbèsè, ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ dá owó tí a kò tíì ná padà fún olùrànlọ́wọ́ tí ó fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Owó tí ó bá kù, ẹ kò lè pín in láàárín ara yín bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ CAMA. Ẹgbẹ́ mìíràn tí èrò rẹ̀ jọ tiyín ni yóò gbà á, bákan náà ni òfin ti Amẹ́ríkà ṣe ní kí ẹgbẹ́ aláàánú àti ti ẹ̀kọ́ lo ohun tí ó kù fún irú iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí. Ẹ fún wọn ní fódà ìwé ìlànà pẹ̀lú owó náà, kí ẹ sì fi ímeèlì ẹni kan sí i tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.